Gẹ̀ẹ́sì Múálíìmù Dé Ìlú Òyìnbó

Ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń bi ẹni tó bá ti ìlú òyìnbó dé láyé ìgbà tiwa. Èkíní ni bóyá òtútù wọn pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀. Èkejì ni bóyá òyìnbó obìnrin máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ dáná. Ẹni tó bá ti dáhùn méjèèjì ti délé nìyẹn. Wọn yóò gbé omi fún un, wọn yóò jẹ́ kó lọ sinmi. Ní tèmi, ìbéèrè kẹta kan wà tó ń dúró dè mí ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́nu ọkùnrin kan tó ti ń retí mi láti ọjọ́ tí mo ti wọkọ̀. Ìbéèrè náà ni mo gbé lọ, òun náà ni mo gbé bọ̀. Mo ti darúgbó báyìí, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì ti lọ tán. Bí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ojú tó tì mí nígbà náà yóò kàn bá mi wọlẹ̀ lásán ni.

*Orí ẹní kan náà*

Ará Ìkòròdú ni bàbá mi, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi. Nígbà tí mo tó ọmọ ilé-ìwé, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́, nítorí ó ní òun ò lè máa dá jókòó ti ẹja yíyan láìsí ọmọ tí yóò máa bá òun sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sọ́wọ́ Múálíìmù Lásísì.

Alfa ni Múálíìmù. Ó ń kọ́ wa ní kéwú láàárọ̀, ó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́sàn-án, lórí ẹní kan náà, pẹ̀lú pàṣán kan náà. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló ní, ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan tó nípọn bí odindi búrẹ́dì, tí ikán ti jẹ èèpo rẹ̀ àti ojú ewé àkọ́kọ́, débi pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ ọ́ tàbí ayé ọba wo ni wọ́n kọ ọ́. Lọ́wọ́ ìdílé Sàró kan ní Èkó ni bàbá rẹ̀ ti gbà á. Lójú Múálíìmù, bí ìwé bá ti gbó tó bẹ́ẹ̀, òótọ́ nìkan ló lè ṣẹ́ kù sínú rẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ́ Kùránì náà ni a ṣe ń kọ́ ọ. Yóò fi yíǹkì tàdáà kọ ọ̀rọ̀ sórí wàláà, ìyẹn pátákó ìkọ̀wé wa. Àwa yóò máa mì síwá sẹ́yìn, a ó máa ké e tòun ti ìtumọ̀ rẹ̀, ti àtijọ́ ṣíwájú. Ìtumọ̀ àtijọ́ ni bàbá, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Àwọn tó kù, ọmọ ni wọ́n, èèyàn kì í sì í wọ ilé onílé kó kọ́kọ́ kí ọmọ. “Knave”, ọmọkùnrin. “Girl”, ọmọdé, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. “Meat”, oúnjẹ gbogbo. “Silly”, ẹni alábùkún. “Starve”, kí èèyàn kú, ì báà jẹ́ ebi ló pa á, ì báà jẹ́ òtútù. “Thou” ni ìwọ, “you” ni ẹ̀yin, ẹni tó bá sì sọ “thou” sí àgbàlagbà yóò jẹ pàṣán, nítorí ó ní òyìnbó náà kì í ṣe ọmọ àìlẹ́kọ̀ọ́.

Bí wàláà bá kún, a ó fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní ilé-kéwú rí mọ̀ pé omi tí a bá fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò, a kì í dà á síbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ìdí igi ọsàn kan lẹ́yìn ilé ni à ń dà á sí. Omi Gẹ̀ẹ́sì náà, ibẹ̀ ni Múálíìmù ní kí a máa dà á sí. Ọmọ tó bá da tirẹ̀ sójú ọ̀nà, ojú ọ̀nà náà ni yóò ti sunkún. “Ohun tí àgbà wí, tó fi sílẹ̀ lọ,” ni Múálíìmù máa ń sọ, “a kì í fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.”

Mo ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ti ka ìwé díẹ̀ sí i ní Èkó, mo sì ń múra àtilọ sí yunifásítì lókè òkun, ni mo lọ kí i. Ọjọ́ náà gan-an ni olùbẹ̀wò ilé-ìwé kan dé, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó wọ ṣòkòtò péńpé funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Múálíìmù dìde, inú rẹ̀ dùn, ó nawọ́ sí àwọn ọmọ tó wà lórí ẹní, ó ní kí olùbẹ̀wò wo “my silly knaves”, èyí tó túmọ̀ sí, lójú tirẹ̀, àwọn ọmọkùnrin mi alábùkún.

Olùbẹ̀wò yọ awò ojú rẹ̀. “Alfa, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ sọ yẹn? Òmùgọ̀ ẹ̀dá àti ọmọ ìta lẹ pe àwọn ọmọ olọ́mọ.”

“Alábùkún ni mo pè wọ́n. Ó wà nínú ìwé.”

“Ìwé wo? Èyí tí ikán jẹ yẹn? Alfa, èyí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.”

“Kí wá ni?”

“Mi ò mọ̀. Ẹ bi àwọn tó ni ín.”

Àwọn ọmọ ń gbọ́. Òbí kan tó wá ṣe sàráà lẹ́bàá ọ̀nà ń gbọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo Ẹ̀pẹ́ ti gbọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì Múálíìmù kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Olùbẹ̀wò sì ti wí fún àwọn òbí pé bí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọ wọn ríṣẹ́ ṣe, kí wọ́n mú wọn lọ sí ilé-ìwé mìíràn.

Nígbà tí mo fẹ́ padà sí Ìkòròdú, Múálíìmù sìn mí dé etí omi. “Múfú,” ó ní, “àwọn tó ni ín ni ìwọ ń lọ bá. Má bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ṣáà máa sọ ọ́ láàárín wọn bí mo ṣe kọ́ ọ. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, padà wá wí i níwájú àwọn ọmọ mi. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ, padà wá wí i bákan náà.”

“Wọ́n á gbọ́ ọ, Múálíìmù.”

“Mi ò ní kí o jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo ní kí o padà wá.”

*Wòlíì orí omi*

Ìyá mi kò sunkún ní Èbúté Ìkòròdú. Ó ń to ẹja yíyan sínú àpótí mi títí ẹni tó ń wa ọkọ̀ fi ní kó jọ̀wọ́ kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ìwé. Ọkọ̀ ojú omi náà rọra kúrò létí Ìkòròdú, àwọn tó ń kó iyanrìn dìde dúró, wọ́n juwọ́ sí wa. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń juwọ́ sí. Ẹni tó jókòó tì mí ní awakọ̀ wa ló jẹ wọ́n ní tábà.

Nínú ọkọ̀ ńlá tó gbé wa láti Èkó ni mo ti kọ́kọ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì Múálíìmù láàárín àwọn tó ni ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan ló ń gbé tíì káàkiri. Mo wò ó, mo rí i pé mo jù ú lọ, mo sì sọ “thou” sí i gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ìwọ sí àbúrò ẹni. Mo bi í bóyá ó ní “victuals” kankan, oúnjẹ tí mo lè fi panu. Ó gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ wá. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún un wí. Mo tún un wí tọkàntọkàn. Ẹnìkejì náà sì pe ẹ̀kẹta.

Wọn kò bú mi o. Ẹ̀rín wọn kò ní májèlé nínú. Wọ́n ní mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti inú Bíbélì rìn jáde, wọ́n sì sọ mí ní Wòlíì. Èmi tí mò ń wá ibi tí mo ti máa kírun lórí ọkọ̀ náà, Wòlíì ni orúkọ tí mo gbé gúnlẹ̀ sí Lífápúù ní ìlú òyìnbó.

*Ẹran àgùntàn*

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa ìlú òyìnbó ni pé ó dúdú. Èéfín ti kun gbogbo ilé, òjò ti kun èéfín. Ìlú tí mo ti kàwé wà ní àríwá ilẹ̀ wọn, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, orí ẹ̀rọ ìhunṣọ sì ni ìyá onílé mi ti ṣiṣẹ́ títí eruku òwú fi ba àyà rẹ̀ jẹ́. Opó ni. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì mọ́ tónítóní débi pé ẹ̀rù máa ń bà mí láti jókòó sórí àga rẹ̀.

Ìwà wọn yé mi díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í kí ẹni tí wọn ò mọ̀. Bí o bá wọ bọ́ọ̀sì, wọn yóò rọra sún, wọn yóò fún ọ láyè, àyè náà yóò sì pọ̀ ju èyí tí o nílò lọ. Bí wọ́n bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, àwọn náà ni yóò máa bẹ̀bẹ̀. Bí o bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, wọn yóò tún bẹ̀bẹ̀. Oúnjẹ wọn kò ní ata. Wọ́n máa ń se ẹ̀fọ́ títí yóò fi gbàgbé ohun tó jẹ́.

Ní àsìkò náà, wọ́n ṣì ń pín ẹran fún ara ilẹ̀ wọn ní ìwọ̀n, nítorí ogun tó kọjá. Ìyẹn kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo jẹun nílé náà, ìyá onílé gbé búrẹ́dì àti ọbẹ̀ ẹ̀wà fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì dìde dúró bí ọmọlúàbí. Mo dúpẹ́ fún “meat” tó fún mi, mo sì gbàdúrà pé “meat” kò ní wọ́n nílé rẹ̀ láéláé. Oúnjẹ ni mò ń wí. Ó wò mí. Ó wo àwo tó ṣófo. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì jáde kúrò nínú yàrá.

Ní ọjọ́ kejì, ẹran àgùntàn wà lórí àwo mi, ó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́. Kò sí ìkankan lórí tirẹ̀. Mo bi í pé ṣé kì í jẹ ẹran ni. Ó ní ẹran kì í bá òun lára mu. Ọ̀sẹ̀ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó ń gbé nílé náà tó wí fún mi pé gbogbo ìpín obìnrin náà fún ọ̀sẹ̀ kan ni mo jẹ, pé ó rò pé mo fi ọgbọ́n bú òun pé òun kò fún mi ní ẹran.

Mi ò lè ṣàlàyé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí fún ìyá náà pé inú ìwé tí ikán jẹ ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ náà? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Mo ń tẹ́tí sí bí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ṣe ń sọ̀rọ̀, mo ń mú tiwọn, mo ń fi ti Múálíìmù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń bọ́ aṣọ nínú òkùnkùn. Mo ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó ń sọ “thou” mọ́ ní gbogbo ìlú náà. Ọkọ kò sọ ọ́ sí aya, ìyá kò sọ ọ́ sí ọmọ. “You” ni gbogbo wọn ń pe ara wọn, wọ́n sì ń pe ajá wọn bẹ́ẹ̀. Ìlú tí gbogbo èèyàn ti di ẹ̀yin, tí kò sí ìwọ kankan níbẹ̀ mọ́! Èmi náà di ẹ̀yin. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi, òtútù sì ń mú mi.

Mo ti mọ ìdáhùn tí mo máa gbé padà lọ bá Múálíìmù. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa fi irọ́ tù ú nínú.

*Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì*

Nígbà tí a gba ìsinmi ọdún Kérésì, ìyá onílé ní òun kò lè fi mí sílẹ̀ nìkan nínú ilé tí kò ní iná. Ó ní kí n bá òun ká lọ sọ́dọ̀ ìyá òun. Bí a ti ń lọ nínú bọ́ọ̀sì, tí òkè ń ga sí i, tí ilé ń dínkù, mo rí i pé ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń tún ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wọ̀, ó ń bọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́.

“Ẹ má bínú o. Ìyá mi kò kàwé. Oko ló ti dàgbà. Kò mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ dáadáa.”

Mo rò pé etí mi ni kò gbọ́ ọ dáadáa. Òyìnbó tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ?

Ilé olókùúta ni, àwọn àgùntàn dúró yí i ká bí àlejò tí wọn ò tíì pè wọlé. Ìyá arúgbó kan ṣílẹ̀kùn, ó kéré bí ọmọdé, aṣọ ìborùn dúdú wà lórí rẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ń dúró kó sọ ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ, pé báwo ni ìrìn, pé ojú ọjọ́ kò dára. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó fi wọ́n sáàárín ọwọ́ tirẹ̀.

“Thou'rt starved, lad,” ó ní. Ìwọ ọmọ yìí, òtútù ti pa ọ́ tán.

Ojú ìyá onílé pọ́n bí ata. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Àlejò ni wọ́n, wọn kò ní gbọ́ ọ.” Ó yíjú sí mi. “Òtútù ni wọ́n ń wí. Wọn kò wí pé ebi ń pa yín.”

“Mo gbọ́ ọ,” ni mo wí. “Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní ilé yín, mi ò mọ bí mo ṣe lè wí i kó yé yín. Láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ ní Lífápúù, kò sẹ́ni tó pè mí ní ìwọ. Ìyá ìyá mi ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ nídìí ẹja, Múálíìmù ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ lórí ẹní. Èmi nìyí lórí òkè olókùúta yìí, tí obìnrin kan tí kò rí èèyàn dúdú rí sọ ọ́ sí mi láìfọ̀rọ̀ falẹ̀, bí ẹni pé òun ló wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi.

A jókòó tiná. Ó ń sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́, ọmọ rẹ̀ sì ń túmọ̀ ohun tí kò nílò ìtumọ̀. Ó bi mí bóyá bàbá mi ń sin àgùntàn. Mo ní etí omi ni a wà, ẹja ni tiwa. Ó ní ta ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ sísọ bí èèyàn gidi, nítorí pé àwọn ọmọ ìlú tí ọmọ òun ń gbà sílé máa ń sọ̀rọ̀ bí rédíò. Mo sọ ìtàn Múálíìmù fún un, àti ìwé rẹ̀, àti olùbẹ̀wò. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ń dúpẹ́ fún “meat”, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú.

“Ìyá mi pẹ̀lú,” ó ní, “bó ṣe máa ń gbàdúrà sórí ògì nìyẹn. ‘Meat’ ló máa ń pè é.”

Ìyá onílé kò rẹ́rìn-ín. Ó dorí kodò, ó ń wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó wà lórí itan. Mi ò mọ èyí tó ń ro, bóyá ti ẹran àgùntàn ni, bóyá ti ìyá rẹ̀ ni. Mo dá ojú náà mọ̀, nítorí pé èmi náà ti gbé e káàkiri ìlú rẹ̀. Ó rán mi létí àwọn ọmọ Ìkòròdú tó bá ti dé Èkó, tí ìyá wọn bá wá kí wọn, tí wọn yóò máa sáré mú un wọ inú yàrá kó tó la ẹnu ìlú wa níwájú àwọn ará Èkó.

*Èbúté*

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ tí mo dé, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wá pàdé mi ní Èbúté Ìkòròdú. Ìyá mi wà níwájú, ó ti gbó díẹ̀ sí i. Àga wà nílẹ̀, omi mímu wà. Alága ẹgbẹ́ ní kí n dìde, kí n fi Gẹ̀ẹ́sì kí ìlú kí wọ́n gbọ́ ohun tí mo lọ kó wá.

Ẹ mọ bí ìlú wa ṣe ń díwọ̀n ẹni tó kàwé nígbà náà. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wúwo tó ni ìwé ṣe pọ̀ tó. Èmi sì ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn tó ni ín ń sọ. Mo ní mo dúpẹ́, inú mi dùn láti wà nílé, ọ̀nà jìn, àwọn èèyàn tí mo bá lọ́hùn-ún ṣe mí dáadáa. Mo jókòó.

Gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n ń retí kí n bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan tó ń hun àwọ̀n lẹ́yìn wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Èmi tí mi ò kọjá Ìbẹ̀ṣẹ̀ tó wà nítòsí yìí rí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ló wá wọ ọkọ̀ lọ ṣe?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, kó má bàa dà bí ẹni pé ó dùn ún, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń tún gèlè rẹ̀ tí kò tú wé. Lọ́hùn-ún, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín nítorí pé ọ̀rọ̀ mi gbó. Nílé, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín nítorí pé kò gbó.

“Ṣé o ti lọ kí Múálíìmù?” ni ìyá mi bi mí nígbà tí a délé. “Wọ́n ń mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí àwọn tó kù ṣe sùúrù, pé Múfú ń bọ̀.”

*Lórí ẹní*

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Omi ọ̀sà kò yí padà, ewéko ojú omi ń ṣí lọ, òórùn ẹja yíyan ti pàdé wa kí a tó rí ilé. Mo rò ó ní gbogbo ọ̀nà náà. Mo lè ní wọ́n gbọ́ ọ, kí n dákẹ́ síbẹ̀. Ìyá arúgbó kan gbọ́ ọ lóòótọ́. Ìyẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Múálíìmù jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ẹní kún tẹ́lẹ̀ débi pé a máa ń fi eékún gún ara wa. Báyìí, àwọn ọmọ tó wà lórí rẹ̀ lè na ẹsẹ̀. Àwọn òbí díẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti gbọ́ pé mo dé. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Dìde,” ó ní. “O ti tóbi. Ṣé wọ́n ń fún ọ ní oúnjẹ?”

“Wọ́n fún mi, Múálíìmù.”

“Ó dáa. Sọ ọ́ kí àwọn ọmọ gbọ́.”

Mo wo ojú rẹ̀, irọ́ náà kò jáde. Mo sọ ti inú ọkọ̀ fún un, mo sọ bí wọ́n ṣe pè mí ní Wòlíì. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo sọ ti ẹran àgùntàn, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo wá sọ ti ìyá arúgbó orí òkè, ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi lẹ́nu ọ̀nà, àti bí ìyá rẹ̀ ṣe ń gbàdúrà sórí ògì. Ìyẹn ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀.

“Gẹ̀ẹ́sì ni, Múálíìmù. Ojúlówó ni. Ti àwọn bàbá wọn ni.”

Òbí kan lẹ́nu ọ̀nà ní, “Mo wí i àbí mi ò wí i?”

Múálíìmù gbọ́wọ́ sókè kí onítọ̀hún dákẹ́. “Ìyá náà, ṣé ọmọ rẹ̀ ń sọ ọ́?”

“Rárá.”

“Ọmọ ọmọ rẹ̀ ńkọ́?”

“Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́, Múálíìmù. Òun nìkan ni.”

“Kí ló fà á tí ọmọ rẹ̀ kò fi sọ ọ́?”

Mo ní, “Ojú ń tì í.”

Ó mi orí. Ó rọra bi mí, bí ẹni tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun, “Ìwọ náà, nígbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣé ojú tì ọ́ nítorí mi?”

Mo ń wo ojú ẹní. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mo ti fa okùn rẹ̀ yọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò tíì sẹ́ni tó tún un hun.

“Ó dáa,” ó ní. “O padà wá.”

Ó dìde. Ó mú wàláà ńlá tó gbé ti ògiri, èyí tó kún fún ọ̀rọ̀ tó ti kọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀sán ọjọ́ náà, ó bu omi, ó sì fọ̀ ọ́. Tàdáà dúdú kún inú igbá. Ọmọ kan sáré dìde láti gbà á lọ sí ìdí ọsàn, Múálíìmù kò fún un. Òun fúnra rẹ̀ gbé e jáde, ó gba àárín àwọn òbí kọjá, ó sì dà á sójú ọ̀nà gbangba, níbi tí àwọn ẹlẹ́ja ń gbà lọ sọ́jà.

“Múálíìmù,” ni ọmọ náà wí, ẹ̀rù ń bà á, “wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.”

“Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe Kùránì. Kùránì kì í darúgbó. Èmi ni mi ò mọ̀ pé èyí ń darúgbó.”

Ó wọlé padà. Ó fi wàláà tó mọ́ náà lé mi lọ́wọ́, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó tọ́ka sí ibi tí òun máa ń jókòó sí. Ó wá lọ sáàárín àwọn ọmọ, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí eékún, ó jókòó tì wọ́n, ó gbójú sókè sí mi.

“Ẹ kọ ti àwọn ọmọ wọn fún wa,” ó ní. “À ń gbọ́ yín.”

Mo kọ ọ́. Wọ́n ké e lẹ́yìn mi, ohùn rẹ̀ wà láàárín ohùn wọn, ó ń mì síwá sẹ́yìn. Àwọn òbí padà sílé, inú wọn dùn, ẹní sì tún kún kí ọdún tó yí.

A ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ẹní náà títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Oúnjẹ kan náà là ń jẹ, èmi ni mo máa ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ lọ sí balùwẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo fi ìyá mi bẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ tó ti gbé wàláà lé mi lọ́wọ́, kò tún pè mí ní ìwọ mọ́.